Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ọmọkùnrin Tí Ó Dá Wà Nínú Ilé Tí Ó Kún

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, òun sì ń jáde ní kùtùkùtù, nítorí náà wọn kì í sábà jókòó jẹun pọ̀. Àkọ́bí wọn jẹ́ ọmọkùnrin ọdún 17. Ìyá náà wí pé ọmọ náà kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í rìn ní òru. Bí ó bá ti dé láti ilé-ìwé, yóò wọ inú yàrá rẹ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n láti oṣù mélòó kan wá, ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ti yí padà. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé ẹlẹ́tàn ni gbogbo obìnrin. Ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkùnrin tí a kò bá bí ní arẹwà, tí kò sì ga, ayé rẹ̀ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ìyá náà sí wa ni èyí: "Ta ni ń kọ́ ọmọ mi ní irú ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí kì í jáde lọ sí ibì kankan?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti obìnrin yìí nìkan. Ó ti pẹ́ tí àwọn òbí ti ń bèèrè lọ́wọ́ wa nípa ọmọ tí ń rìn ìrìnkurìn. Ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò rìn rárá, tí ẹgbẹ́ búburú wá bá nínú ilé. Nítorí náà a ó dá ìyá náà lóhùn níhìn-ín láì dárúkọ rẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wí ni pé ọmọ náà ń jáde. Ó ń jáde lálaalẹ́, ṣùgbọ́n kì í gba ẹnu ọ̀nà; fóònù tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà. Bí ó ti máa ń rí ni èyí. Ọmọ kan wà tí ń tijú, tí kò ní ọ̀rẹ́ púpọ̀, tàbí tí ọmọbìnrin kan ti kọ̀ fún. Ó lọ sí orí ayélujára láti wá bí ara òun yóò ṣe le, tàbí bí ó ṣe yẹ kí ọkùnrin máa bá obìnrin sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń yan àwòrán fún un kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Iye ìṣẹ́jú tí ojú ọmọ náà fi wà lára ohun tí ó ń wò ni ó ń kà, nítorí pé láti ara ìṣẹ́jú wọ̀nyí ni àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà ti ń rí owó ìpolówó ọjà. Ọ̀rọ̀ tí ń bí ènìyàn nínú a sì máa dá ojú dúró ju ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lọ. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn àwòrán ẹni tí ń gbé irin, ti ẹni tí ń bú obìnrin ni yóò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí, ti ẹni tí ń wí pé òun ti rí àṣírí tí gbogbo ayé fi pamọ́ fún àwọn ọkùnrin. Kí a tó mọ̀, ọmọ náà ti dé agbo kan tí wọ́n ti ń pè é ní arákùnrin.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn irú agbo bẹ́ẹ̀ kan, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Ní ọdún 1997, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Ottawa, ní ilẹ̀ Kánádà, dá ibi ìpàdé kan sílẹ̀ lórí ayélujára fún àwọn tí kò rí ẹni fẹ́, tí àìrí bẹ́ẹ̀ sì ń dùn wọ́n. Àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó wà níbẹ̀. Wọn a máa tu ara wọn nínú, wọn a sì máa gba ara wọn ní ìmọ̀ràn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà incel ti ṣẹ̀ wá, èyí tí ń tọ́ka sí ẹni tí ó wà láìní olólùfẹ́, tí kì í sì í ṣe pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, obìnrin náà fi ibẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn agbo mìíràn dìde tí wọ́n gba orúkọ náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé ìtùnú jù sẹ́yìn. Nínú wọn, ẹkún di èébú, èébú sì di ìkórìíra. Wọ́n ń kọ́ ara wọn pé ojú àti egungun tí a bí mọ́ ènìyàn ti ṣe ìdájọ́ rẹ̀, pé kò sí àtúnṣe kan mọ́, àti pé àwọn obìnrin ni ó jẹ̀bi. Bí ẹnìkan nínú wọn bá wí pé òun rí ìrètí, wọn a fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí kò ṣeé fi pamọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan pa ènìyàn 6 ní Isla Vista, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe ènìyàn 14 léṣe, ó sì pa ara rẹ̀. Ó ti kọ ìwé gígùn sílẹ̀ nípa ìkórìíra rẹ̀ sí àwọn obìnrin, àwọn kan nínú agbo náà sì sọ ọ́ di ẹni àpọ́nlé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2018, òmíràn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25 háyà ọkọ̀, ó sì wà á gba ibi tí àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Ènìyàn 10 kú ní ọjọ́ náà. Ẹni kọkànlá kú ní ọdún 2021. Kí ó tó ṣe é, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí orí Facebook nípa ẹni ti Isla Vista. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adájọ́ Anne Molloy dá a lẹ́bi ní ọdún 2021, ó wí pé òkìkí ni ọkùnrin náà ń wá, ó sì kọ̀ láti pe orúkọ rẹ̀ nínú ìdájọ́ náà. Àwa pẹ̀lú kò ní pe orúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 kan náà, ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, tí ó ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àwọn agbo wọ̀nyí, yìnbọn pa ìyá rẹ̀ àti ènìyàn 4 mìíràn, tí ọmọbìnrin ọdún 3 kan wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó pa ara rẹ̀.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ìyá tí ó kọ̀wé sí wa. Àwọn tí ó pa ènìyàn kéré gidigidi nínú iye àwọn tí ń jókòó sí agbo wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ jùlọ, ara wọn ni wọ́n ń pa lára. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí Yunifásítì Swansea gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ọkùnrin 561 lẹ́nu wò, ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pe ara wọn ní incel. Ìdánìkanwà, ìbànújẹ́ ọkàn àti èrò láti pa ara ẹni pọ̀ láàrin wọn. Èyí ni ewu tí ó sún mọ́ ilé jù: ọmọ tí ń rọ díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí a já sí oòrùn, tí àwa sì rò pé ìwé ni ó ń kà nínú yàrá. Ewu kejì wà lára àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ń gbọ́ lójoojúmọ́, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n tí ó fẹ́ràn, pé òun kò ní láárí.

Àwọn kan yóò wí pé àrùn àwọn òyìnbó ni èyí, pé nínú agbo ilé tiwa kò sí ẹni tí í dá wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ẹnìkan nínú ènìyàn 6 ní ayé ni ìdánìkanwà ń bá jà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, nǹkan bí 11 ni. Àwọn ọ̀dọ́ sì wà lára àwọn tí ó ń bá jà jù. Ilé lè kún, kí ọmọ kan dá wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, kí fóònù tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ni àwa pẹ̀lú ti rí bí ẹgbẹ́ ṣe ń yí padà. Ní ọdún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ 7 dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ìbàdàn, wọ́n sì wí pé ìgbéraga àti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni àwọn dojú kọ. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, tí kì í ṣe tiwọn, jáde lẹ́yìn náà ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, irú wọn wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Irú ọmọ wo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tètè fà? Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ni, tí kò mọ ẹnìkan, tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹnìkan sì wá pè ní arákùnrin. Ohùn kan náà ni ó ń pe ọmọ Lọ́ńdọ̀nù nínú yàrá rẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ogiri ti lanu. Kí ni agbo búburú náà fún ọmọ yìí tí kò rí nílé? Èkíní, ó fún un ní etí: ní aago méjì òru, ẹnìkan wà tí yóò dá a lóhùn. Èkejì, ó jẹ́ kí ó lè sọ ìrora rẹ̀ síta, kí ó sì rí i pé ẹlòmíràn ní irú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó fi ọ̀tá hàn án, ó wí pé, "Obìnrin ni ó fà á." Ẹ̀kẹrin, ó fún un ní ààyè láàrin ènìyàn: wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń retí rẹ̀. Nínú mẹ́rin wọ̀nyí, ẹ̀kẹta ni irọ́. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ohun tí ó tọ́ sí gbogbo ọmọ láti ọ̀dọ̀ ìdílé rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Ohun tí a ní láti sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ju èyí lọ: a kò lè fa ọmọ kúrò nínú agbo búburú bí a kò bá ní agbo mìíràn tí a ó fà á sí.

Ọ̀pọ̀ baba yóò wí pé, "Ẹ gba fóònù náà, ọ̀rọ̀ parí." A kò wí pé kí òbí má ṣe fi òfin sí fóònù. Ó dára kí fóònù gbogbo ilé, títí kan ti baba àti ti ìyá, máa sùn ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Reddit ti ọ̀kan nínú àwọn agbo wọ̀nyí pa, èyí tí nǹkan bí 40,000 ènìyàn wà nínú rẹ̀. Agbo náà kò parẹ́; púpọ̀ nínú wọn kó lọ sí ibòmíràn tí ìkìlọ̀ kò ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, tí a kò sì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Yóò rí fóònù ẹlòmíràn lò, yóò sì ní ẹ̀rí kan sí i pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn òun nínú ilé.

Ìyá wa, ohun tí a rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe ni èyí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ ní kí ó fi ohun tí ó ń wò hàn yín. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe wí pé, "Ṣé ọkùnrin ni ọ́ báyìí?" nítorí pé ìbéèrè náà gan-an ni ó ń dà á láàmú. Bí ó bá wí pé òun kò rẹwà, ẹ má ṣe yára wí pé irọ́ ni. Ẹ bi í léèrè ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, àti ìgbà tí ó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ìbéèrè yìí ni ẹ ó ti gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilé-ìwé, tí kò tíì sọ fún ẹnìkankan.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Bí ó bá bú àbúrò rẹ̀, ẹ bá a wí ní ojú ẹsẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjì. A kì í torí pé inú ọmọ bàjẹ́ kí a fi ọmọ kejì ṣe àpótí ìtìsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni a fi í bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra. Ẹni tí ó lo òsì nìkan ti lé ọmọ jáde, ẹni tí ó sì lo ọ̀tún nìkan kò kọ́ ọ. Kí baba pẹ̀lú ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Baba tí ń fi obìnrin ṣe ẹ̀fẹ̀ ẹ̀gàn níwájú ọmọ rẹ̀ ti bá àwọn ará agbo náà ṣe ìdajì iṣẹ́ wọn.

Ní ti ọkọ yín tí ń ṣiṣẹ́ òru, a mọ̀ pé owó ilé ni ó ń wá, a kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 ń fẹ́ ọkùnrin tí yóò máa wò. Kì í ṣe ìjókòó kí a máa wàásù fún un ni ó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í lè sọ ọ̀rọ̀ inú wọn bí a bá jókòó kọjú sí wọn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu a máa là. Ní ilẹ̀ Australia, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní Men's Sheds, èyí tí ó ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú: ilé iṣẹ́ ọwọ́ níbi tí àwọn ọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, ti ń jọ kan àga, tí wọ́n ń jọ tún nǹkan ṣe, tí wọ́n sì ń jọ sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ ni, tí wọ́n fi ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀. Ní ọjọ́ àáró, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò bá wá, oko á mọ̀, ẹgbẹ́ á sì bèèrè rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọn yóò ti bèèrè ọmọ yìí bí kò bá wá: ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ akọrin, ṣọ́ọ̀bù àbúrò baba rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tàbí ilé àgbàlagbà kan tí ó ń fẹ́ ẹni tí yóò bá òun gbé ẹrù. Kí baba rẹ̀ pẹ̀lú yan wákàtí kan láàrin ọ̀sẹ̀ tí kò ní yẹ̀, kí wọ́n jọ ṣe nǹkan kan.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù fún àìsàn tí ó le, kí ó rántí Àró ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí ayé ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Dípò kí ó ti gbogbo àwọn tí orí wọn kò pé mọ́ inú ilé ìwòsàn, ó fi wọ́n wọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé àyíká, pẹ̀lú ìbátan tí ó tẹ̀lé wọn wá. Wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà, wọ́n sì ń gbé láàrin ènìyàn. Bákan náà, ní ilẹ̀ Jámánì, láti ọdún 2000, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ EXIT ti ń ran àwọn tí ó fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ìkórìíra ẹ̀yà lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sì dá a sílẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti jẹ́ olórí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tí ó ti wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà pàápàá lè padà, bí a bá rí ẹni tí yóò gbà á.

Ohun kan kù tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ pé ó sàn kí òun kú, tí ó ń pín ohun ìní rẹ̀ fún ènìyàn, tàbí tí ó ń yin àwọn tí ó pa ènìyàn, ẹ má ṣe fi í ṣe àṣírí ìdílé nítorí ìtìjú. Ẹ bi í léèrè gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò náà sí i nínú. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà. Ní Bìrìtìkó, a lè pe ẹgbẹ́ Samaritans ní 116 123 ní ọ̀sán tàbí ní òru láìsan owó; bí ewu bá ti dé tán, 999 ni kí ẹ pè. Ní ilé níhìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ yín.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ ń ka ojú-ewé yìí, bóyá nítorí pé ìyá yín gbé e síwájú yín, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Dídá tí ẹ dá wà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ àwọn tí ń pè yín ní arákùnrin wò. Nígbà tí inú yín dùn, ṣé wọ́n bá yín yọ̀? Bí ẹ bá wí lọ́la pé ẹ ti rí iṣẹ́, tàbí pé ọmọbìnrin kan bá yín rẹ́rìn-ín, ṣé wọn yóò kí yín kú oríire? Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé ìbànújẹ́ yín ni owó orí tí ẹ ń san láti jókòó níbẹ̀ kò lè fẹ́ kí ìbànújẹ́ náà tán. Ẹ wá ẹnìkan tí ẹ lè fi ojú rí, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ẹ sì sọ òtítọ́ kan fún un nípa ara yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè tàbí ìrírí tí ó lè ran ìdílé mìíràn lọ́wọ́, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Olóòtú. A kò ní tẹ orúkọ ẹnìkankan jáde láìgba àṣẹ rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.